Alẹ́ Mẹ́rin ní Àbújá àti Bàtà Ìyá Ìbejì

Ọjọ́ Kìíní: Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kọkànlá, 2025

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ ni bọ́ọ̀sì wa gbéra ní Ìwó Road, Ìbàdàn. Èmi, Ìyá Ìbejì àti Alága la jọ wà nínú rẹ̀. Ẹni kẹrin wa, Olóyè, ń retí wa ní Kubwa, ìlú kan létí Àbújá. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbújá. Kò joyè kankan o. Ilé ìwé girama la ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí ìrìn rẹ̀. Alága náà kò ṣe alága ohunkóhun rí. Ẹnu rẹ̀ ló máa ń yá ju tẹnikẹ́ni lọ.

Ìyá Ìbejì ló dá ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò yìí sílẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti bí àwọn ọmọ, ó di ọdún márùn-ún báyìí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ kò bá òun níta rí. Ó kó àwọn ìbejì fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó ra bàtà gogoro tuntun kan ní Gbági, ó ní Àbújá ló máa gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ fi bàtà yẹn sọ́kàn.

₦32,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ni owó ọkọ̀. Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, ojú oorun ni mo fi kọjá gbogbo wọn. Nígbà tí a kúrò ní Ìsúà ni kòtò ojú ọ̀nà jí mi, kò sì jẹ́ kí n sùn mọ́ títí a fi wọ Kàbbà. Ibẹ̀ la ti sọ̀ jẹun. Ìyá oníyán tí a wọlé bá kí wa pé, "Okun o!" Alága bẹ̀rẹ̀ sí wo ilẹ̀ kiri, ó rò pé okùn tó já lára ẹrù wa ni ìyá ń fi hàn wá. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọmọrí ìkòkò sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nìyẹn, òun náà la sì fi ń pe gbogbo àwọn Yorùbá apá ibẹ̀ ní Okun. Iyán àti ẹran méjì, ₦2,500. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rẹ̀ dára ju gbogbo èyí tí mo jẹ ní Àbújá lọ, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Láti Ọbájáná ni ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó sìmẹ́ńtì ti gba ọ̀nà lọ́wọ́ wa. Ọ̀kan dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹran Iléyá. Ní Lọ́kọ́ja a rí ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, omi ọ̀kan dúdú díẹ̀ ju èkejì lọ. Gbogbo ènìyàn inú ọkọ̀ yọ fóònù, kò sì sí ẹni tí àwòrán rẹ̀ dára.

A kò tíì jìnnà sí afárá Múrítàlá tó dá Odò Ọya kọjá nígbà tí nǹkan dún pàá lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Fáànù bẹ́ẹ̀tì ti já. Awakọ̀ wa kò ní òmíràn. Oòrùn mú, kò sí igi, gbogbo wa sì mọ irú ìtàn tí à ń gbọ́ nípa ojú ọ̀nà yẹn bí ilẹ̀ bá ṣú báni níbẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ lábẹ́ àtíbàbà kékeré kan pè wá, ó sún àwo ẹja rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí àwọn obìnrin àti àgbà jókòó. A kò gbọ́ èdè ara wa. Ó fún Ìyá Ìbejì lómi nínú ife kan náà tí òun fi ń mu. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, bọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ láti òkè dúró, awakọ̀ rẹ̀ yọ bẹ́ẹ̀tì tó fi pamọ́ sábẹ́ àga, ó fún tiwa, kò gbowó. Ó ní kí tiwa náà fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ tí ó bá kàn án. Mo ra ẹja ₦5,000 lọ́wọ́ obìnrin yẹn, mi ò sì ná an.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ẹ wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀. Kí ẹ sì bi awakọ̀ lójúkojú bóyá ó ní táyà àti bẹ́ẹ̀tì àfipamọ́. Kò ní bínú. Bó bá bínú, ẹ wọ òmíràn.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀ la sọ̀ ní Zuba. Àpáta Zuma dúró lọ́ọ̀ọ́kán bí àgbà tó ń wo àwọn ọmọ tó pẹ́ níta, òun ni wọ́n yà sẹ́yìn owó ₦100. Olóyè tẹ̀lé ìrìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Gbólóhùn tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn tó dì mọ́ wa ni pé mọ́tò òun wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n ti tú u palẹ̀, kò lè jáde kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Alága ní, "Ṣé kì í ṣe mọ́tò nìkan ni? Àbújá yìí kò ní takisí ni?"

Olóyè wò ó, kò fèsì.

Ó ti rẹ̀ wá, a kò lè lọ síbì kankan. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, a rìn lọ sí ìkóríta kan ní Kubwa lọ ra súyà. Alága na ọwọ́, ó ké pe "Àbókí!" Olóyè rọra sọ fún un pé níhìn-ín, Málàm ni kó pè é. Ọ̀rẹ́ ni ìtumọ̀ àbókí, kì í ṣe èébú, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lò ó ní ilé lọ́hùn-ún ni kò bójú mu. Ó pè é ní Málàm, Málàm sì fi ẹyọ kan lé e. Nígbà tí ó bi wá bóyá ká fi albasa sí i, Ìyá Ìbejì kígbe pé òun gbọ́ Haúsá! Àlùbọ́sà náà mà ni. Yájì, ìyẹn ata súyà, mú ẹnu mi gbóná títí ilẹ̀ fi mọ́. ₦6,000 la ná, àwa mẹ́rin yó.

Ọjọ́ Kejì: Ọjọ́ Ẹtì, 21

Olóyè lọ síbi iṣẹ́. Kó tó lọ, ó ka òfin fún wa: inú gáréèjì gan-an ni kí a ti wọkọ̀, ká má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì dá ọkọ̀ dúró. Ó tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ lẹ́ẹ̀mẹta bí ìyá tó ń rán ọmọ lọ́jà. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò nínú ìgboro Àbújá, nítorí náà ẹsẹ̀ ni tàbí ọkọ̀. Kò sí pé kí ẹnì kan já ọ síwájú ilé fún ₦300 bíi ti Ìbàdàn.

Ọjọ́ Ẹtì ní Àbújá, ẹ wọ aṣọ gidi. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ló wọ bùbá, káfútánì, fìlà tó dúró ṣánṣán. Alága tó wọ ṣòkòtò péńpé dà bí ẹni tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ní Wuse 2 a rìn lójú pópó Adetokunbo Ademola. Ẹ̀gbá ni Alága. Nígbà tí mo rán an létí pé ọmọ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá ni wọ́n fi sọ títì yìí, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ olórí àwọn adájọ́ àgbà ìlú wa ní 1958, ó ya fọ́tò pẹ̀lú pátákó orúkọ náà bí ẹni pé bàbá òun ló ni ilẹ̀. Ìyá Ìbejì ní kò burú, ṣùgbọ́n títì Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní Garki, ọ̀la ni tòun.

A padà sílé, a wẹ̀, a múra. Olóyè wọ káfútánì rẹ̀ bó ṣe wà. Ìyá Ìbejì wọ bàtà náà. Ó ga tó gíga tí ènìyàn fi ń wo òrùlé ẹlòmíràn.

Aago mẹ́wàá kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la dé kílọ́ọ̀bù kan ní Wuse 2. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń gbálẹ̀. Ẹni tó dúró lẹ́nu géètì fi àánú wò wá, ó ní aago méjìlá ni ká padà wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín kí ojú má baà tì yín bó ṣe tì wá: kí aago méjìlá tó lù, kò sí ijó kankan ní Àbújá. Wákàtí méjì la fi rìn kiri, tí bàtà gogoro ń dún kọ́-kọ́-kọ́ lórí òkúta, títí ìró náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Nígbà tí a wọlé tán, ₦5,000 lọ́kùnrin kọ̀ọ̀kan san, àwọn obìnrin wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Alága ní ìyànjẹ ni. Wọ́n ní bí a bá fẹ́ jókòó sí àga onítìmùtìmù, ₦150,000 ni ohun tí tábìlì gbọ́dọ̀ rà, ó kéré tán. A dúró. Ike omi kékeré ₦2,500. Omi o! Ní gbogbo ìgbà tí ọlọ́lá kan bá ra ọtí, àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà á gbé e jáde pẹ̀lú iná tó ń ṣẹ́jú, wọn á gbé pátákó tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí sókè, wọn á yí ilé ká. Bí ìgbà tí egúngún bá jáde ni, àfi pé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò jó. Àwọn tó ra tábìlì jókòó, wọ́n ń tẹ fóònù. Àwa tí a dúró náà la jó, a jó dáadáa. Mi ò ní purọ́, wákàtí àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Olóyè ju ẹsẹ̀ bí ìgbà tí a wà ní kíláàsì kẹta.

Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjì tí a rí ara wa kẹ́yìn. Orin náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Ìyá Ìbejì, ẹni tó dúró tì mí. Ó kọ èsì padà. Bí a ṣe ń bára wa sọ̀rọ̀ nìyẹn, ìgúnpá kan ìgúnpá. Olóyè wo àwa méjèèjì, ó kọ tiẹ̀ ránṣẹ́: "Ṣé ká máa lọ?"

Orí àtẹ̀gùn tí a ń sọ̀ kalẹ̀ ni gìgísẹ̀ bàtà ọ̀tún ti yọ. Kò ṣẹ́ o, ó yọ pátápátá, ó ń yí gbirigbiri lọ síwájú wa bí ẹni tó mọ̀nà ilé.

Aago méjì ààbọ̀ òru. Níbí ni mo ti wá mọ̀dí tí Olóyè fi wo Alága láìfèsì ní Zuba. Jíjáde lálẹ́ ní Àbújá kò le, ilé tí a ó padà sí ló le. Ọkọ̀ tí a ń fi fóònù pè, mẹ́rin gbà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fagi lé e bí wọ́n ṣe gbọ́ Kubwa. Ọkọ̀ kan dúró fúnra rẹ̀. Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan wà nínú rẹ̀, awakọ̀ ní ₦1,500 ni Kubwa. Alága ti di ilẹ̀kùn mú. Olóyè fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní one chance: awakọ̀ àti àwọn tó dà bí èrò, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Wọn á ti ọ sáàárín, wọn á gba fóònù, wọn á gba káàdì bánkì, àwọn mìíràn kì í fi èèyàn sílẹ̀ pẹ̀lú ara líle. Mi ò mọ̀ bóyá èyí tó dúró síwájú wa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ mọ̀. Owó tó kéré jù lóru, ìbéèrè ni.

Òdìkejì títì ni a ti rí iná kékeré kan. Tábìlì igi, ìkòkò omi tó ń hó lórí èédú, agolo mílíìkì tí wọ́n tò bí ilé ìṣọ́, bùrẹ́dì, ẹyin, Indomie tí wọ́n so kọ́ bí ẹ̀ṣọ́. Mai shayi ni wọ́n ń pè é, oní tíì. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítorí kò sí ohun mìíràn tí a lè ṣe.

Ẹ wo bó ṣe ń po ó. Ó bu omi tíì tó ti sè pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù sínú ife kan, ó da mílíìkì lé e, ó gbé ife náà sókè ju orí rẹ̀ lọ, ó sì tú u sínú ife kejì tó wà nísàlẹ̀ ìbàdí rẹ̀. Okùn funfun gígùn kan ni, ẹ̀kán kan kò sì bọ́ sílẹ̀. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún, títí ó fi hó. Alága, tó ti ń bínú ₦5,000 rẹ̀, gbàgbé pé òun ń bínú. Tíì, bùrẹ́dì àti ẹyin díndín, ₦1,800. Mo mu ife méjì.

Àwọn tó jókòó tì wá: ọmọbìnrin méjì lára àwọn tó gbé ọtí oníná, wọ́n ti wọ sílípáàsì báyìí, wọ́n ń jẹ Indomie bí ẹni tí kò jẹun láti àárọ̀, ọlọ́dẹ kan pẹ̀lú ìbora lọ́rùn, awakọ̀ mẹ́ta, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù tó ń dá ẹkún sun láìsọ̀rọ̀, tí mai shayi ń bu tíì kún ife rẹ̀ láìbi í léèrè. Mo rò pé ibí gan-an ni gbogbo Àbújá ń parí sí lóru. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ díẹ̀, èédú náà sì móoru.

Ibẹ̀ la ti sọ̀rọ̀. Olóyè sọ ohun tí kò sọ lórí fóònù rí. Ó ní ọdún kejì tí òun dé Àbújá, Kérésìmesì ká òun nìkan mọ́lé, gbogbo ilé tó yí òun ká ti tì pa, nítorí bí ọdún bá ti dé, onílé á lọ sílé, Àbújá á sì ṣófo. Ó ní àyàfi àwọn onílẹ̀, bíi àwọn Gbagyi, kò sẹ́ni tó ń sọ pé "ìlú mi" níbẹ̀. Ìyá Ìbejì ní kí ló dé tí kò pè wá. Ó ní ṣé kí òun máa pè kí òun máa sọ pé òun ń gbé nínú ìlú ńlá, kò sì sẹ́ni tó ń kí òun káàárọ̀? A dákẹ́. Lẹ́yìn náà Alága ní òun ń kí i káàárọ̀ báyìí, torí aago mẹ́rin ti lù. A rẹ́rìn-ín débi pé ọlọ́dẹ náà bá wa rẹ́rìn-ín láìgbọ́ èdè.

Mai shayi wo ẹsẹ̀ Ìyá Ìbejì tó wà lórí ilẹ̀ tútù. Kò sọ̀rọ̀. Ó wọ ẹ̀yìn tábìlì, ó mú sílípáàsì rọ́bà kan wá, èyí tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó tò ó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ní Dutse-Alhaji ni òun ń gbé, ó súnmọ́ Kubwa, bí òun bá kí ìrun àárọ̀ tán, òun á gbé wa ní ₦6,000. Ó kírun, ó gbé wa. Ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà tí a dé ilé. Nígbà tí a fẹ́ sùn ni Ìyá Ìbejì wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ó ti wọ sílípáàsì onísílípáàsì délé, ó sì ti gbàgbé bàtà rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Ọjọ́ Kẹta: Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Aago kan ọ̀sán la jí. Àmàlà ní Garki. Àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹni tó ń bu ọbẹ̀ bi mí ní, "Ẹ̀yin ti Ìbàdàn, gbẹ̀gìrì yín kún tàbí ó mọ níwọ̀n?" kí n tó la ẹnu. Ó ní bí mo ṣe wo ìkòkò ni òun fi mọ̀. ₦4,000 pẹ̀lú ẹran mẹ́ta. Abúlà náà dára, àmàlà ló le díẹ̀. A lọ sí títì Ògbómọ̀ṣọ́, Ìyá Ìbejì ya fọ́tò tiẹ̀, sílípáàsì ló sì wọ̀ nínú fọ́tò náà.

Olóyè ti kọ́gbọ́n. Ó pe awakọ̀ àná, wọ́n dúnàádúrà, ₦25,000 láti aago méje alẹ́ títí dìgbà tí a bá fẹ́ sùn. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, kò tó ohun tí a ná lórí omi àti géètì lánàá. Bí ẹ bá máa ṣe ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ gba ọkọ̀ alẹ́ kí ẹ tó wọ bàtà.

Gádìn ni a lọ, ní apá Jabi. Gádìn ni Àbújá ń pe ọgbà tí wọ́n to àga ike sí lábẹ́ igi, tí wọ́n ń ta ọtí, ẹja àti ẹran. Ọpọ́n omi ńlá kan wà níbẹ̀ tí ẹja àrọ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. O ó na ìka sí èyí tí o fẹ́, wọn á fi igi lù ú lórí lójú rẹ. Ìyá Ìbejì kò lè wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé pẹ̀lú ata, àlùbọ́sà àti ọ̀dùnkún díndín, òun ló jẹ orí rẹ̀. ₦14,000 fún ẹyọ kan tó ṣe é pín. Ẹ bèèrè iye kí ẹ tó na ìka, torí ẹja kì í yè padà.

Àwọn olórin wà níbẹ̀, gìtá méjì àti ìlù. Idoma ni olórí wọn, ó sọ ọ́ fún wa fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa ló súnmọ́ wa pẹ̀lú jùjú. Ó béèrè orúkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki Alága, alága gbogbogbò, alága tí kò ní igbákejì. Ohùn rẹ̀ mọ́, àṣà ìkíni náà kò sì yingin. Orí Alága wú. Ó dìde, ó yọ ìdìpọ̀ ₦200 tuntun tó fi pamọ́ láti Ìbàdàn, ó ń lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ olórin níwájú orí.

Olóyè ní, "Jókòó o! Ṣé o mọ ilé tó wà lẹ́yìn àwọn igi yẹn? EFCC ni. Orílé-iṣẹ́ wọn gan-an, Jabi níbí."

Òótọ́ ló sọ. Láti 2007 ni òfin báńkì àpapọ̀ ti ka nínáwó lórí olórin sí ẹ̀ṣẹ̀, oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n tàbí ₦50,000 owó ìtanràn, ó kéré tán. Ní 2024 wọ́n rán àwọn olókìkí kan lẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Alága dúró sáàárín tábìlì pẹ̀lú owó lọ́wọ́, bí ẹni tí wọ́n mú ní ìdí ìkòkò. Olórin náà kò dákẹ́ orin. Ó fi imú tọ́ka sí agbọ̀n kan tó wà lẹ́sẹ̀ onílù, ó sì fi kún orin rẹ̀ pé inú agbọ̀n ni owó ń sùn ní Àbújá. Alága fi owó sínú agbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ijó, kò sì sí náírà kan tó fara kan ara ènìyàn.

A jókòó síbẹ̀ títí di aago méjì. Ẹ̀fọn jẹ wá. A kò ṣe nǹkan kan tí mo lè ròyìn: a ń sọ̀rọ̀, a ń jẹ, a ń dákẹ́. Awakọ̀ náà jẹ ẹja pẹ̀lú wa.

Ọjọ́ Kẹrin: Ọjọ́ Àìkú, 23

Olóyè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwa sùn. Ìrọ̀lẹ́, a lọ sétí adágún Jabi. Ọkọ̀ ojú omi, ₦3,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Alága di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú kankan, ó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Ẹṣin wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ìyá Ìbejì fi fóònù pe àwọn ìbejì kí wọ́n lè rí ẹṣin. Kẹ́hìndé ní kó mú un bọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Ìyá Ìbejì ní òun kò lè wọ sílípáàsì àlùwàlá ẹni ẹlẹ́ni lọ sí Ìbàdàn. Ó ti ra òmíràn tuntun lọ́wọ́ ọlọ́jà kan, ó fi èyí tó jẹ́ ti mai shayi náà sínú ọ̀rá pẹ̀lú rẹ̀. A padà lọ sí Wuse 2. Aago mẹ́sàn-án, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń koná. Ó dá wa mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyá Ìbejì na ọ̀rá náà sí i. Ó wo inú rẹ̀, ó mú tiẹ̀ jáde, ó dá tuntun padà. Olóyè bá a sọ Haúsá, ó bẹ̀ ẹ́. Ó mi orí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ni, tó ti ní sílípáàsì.

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá nǹkan lábẹ́ tábìlì láàárín àwọn agolo. Bàtà gogoro náà ló mú jáde, méjèèjì, ó ti fi bébà ìwé ìròyìn wé wọn. Gìgísẹ̀ tó yọ ti wà lórí bàtà padà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé àpótí kiri tí wọ́n ń tún bàtà ṣe ló fún, ó kàn án ní ìṣó, ó fi gọ́ọ̀mù kún un.

Ìyá Ìbejì béèrè èló ni.

"Five hundred," ó ní. Ó gba ₦500 yẹn, kò gba kọ́bọ̀ lé e.

A mu tíì.

Ọjọ́ Karùn-ún: Ọjọ́ Ajé, 24

Aago mẹ́fà àárọ̀, Zuba. Àwọn obìnrin Gbagyi ń kọjá lọ sọ́jà pẹ̀lú igbá ńlá lórí èjìká, kì í ṣe lórí. A ra kílíṣí, ẹran gbígbẹ aláta, ₦10,000 láti mú lọ fáwọn ará ilé. Ẹ béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó sanwó, torí òmíràn kò yàtọ̀ sí awọ ìlù.

Ọkọ̀ kò bàjẹ́. Ní tòsí ibi tí bẹ́ẹ̀tì ti já mo wá obìnrin ẹlẹ́ja náà, àtíbàbà rẹ̀ wà níbẹ̀, òun kò sí. Ní Kàbbà, Alága ló kọ́kọ́ kí ìyá oníyán pé "Okun o!" kó tó sọ̀ tán nínú ọkọ̀.

Kí a tó dé Ọ̀wọ̀, Ìyá Ìbejì ti tú kílíṣí àwọn ọmọ. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ata rẹ̀ kò ní pọ̀ jù fún wọn. Nígbà tí a wọ Iléṣà, ìwé tí wọ́n fi dì í ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bi wá bóyá wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní Sábó.